Orúkọ Ìyá Nínú Orúkọ Akọni

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún méje, ń wo eré Sun Wukong, ọ̀bọ akọni inú ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà, nílé wa ní Niamey. Ó yíjú sí mi: "Màámi, ta ló sọ ọ́ lórúkọ?" Mo ní olùkọ́ rẹ̀ ni, torí pé inú òkúta ló ti jáde, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ṣé orúkọ yín wà nínú tèmi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ ti fi wá sílẹ̀, síbẹ̀ orúkọ bàbá nìkan ló wà nínú ìwé ọmọ náà. Ìmọ̀ èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, àmọ́ n kò rí èsì kankan fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú un lọ sétí Odò Ọya, mo sì pa ìtàn Faran Maka Bote fún un, akọni àwọn Sorko, ìyẹn àwọn apẹja odò yìí láàárín àwọn Songhay. Nisili Bote, apẹja agbègbè Gao lókè odò, ni bàbá rẹ̀. Maka, ànjọ̀nú odò, ni ìyá rẹ̀. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: tìyá ló ṣáájú tibàbá.

Zinkibaru, ànjọ̀nú afọ́jú, máa ń fi ohun èlò orin rẹ̀ pe àwọn ẹja wá jẹ ìrẹsì oko Faran. Faran lọ bá a jà, ṣùgbọ́n ọfọ̀ ni Zinkibaru fi dá a mọ́lẹ̀. Ó fi ìtìjú padà sílé. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọfọ̀ tó borí tọ̀tá. Ó padà lọ, ó sì ṣẹ́gun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Sundiata tó tẹ ilẹ̀ ọba Mali dó: àwọn apìtàn a máa pè é ní Sogolon Djata, Sogolon sì ni ìyá tó bí i. Lọ́dọ̀ tiwa náà, tí àgbà bá fẹ́ ṣe àdúrà tó lágbára fún ènìyàn, orúkọ ìyá rẹ̀ ló máa bèèrè: Lágbájá ọmọ Lágbájá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń ké orúkọ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi tèmi sáàárín. N kò bá a tún un ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ẹni tó wà nínú orúkọ wọn. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tí ìwé kò kọ, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn ní ọfọ̀.