Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó Kọ́ Mi láti Béèrè

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Mo mọ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí mo fi di olùkọ́.

Nígbà tí mo ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ oko ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń kẹ́yìn nígbàkúùgbà tí a bá ń ṣán oko. Mo nà án títí apá fi ro mí, kò yí padà. Mo kà á sí ọ̀lẹ paraku.

Ẹnu èyí ni mo wà tí mo fi ka ìtàn Elton Mayo, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ àkóso òṣìṣẹ́. Ìlú Adelaide ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni a bí i sí ní 1880. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kò parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tìtorí èyí sọ ìrètí nù. Ó kọ́ ìmọ̀ nípa ìrònú ènìyàn, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Queensland ní 1911. Ní 1922 ó kọjá sí Amẹ́ríkà.

Ní Philadelphia, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ran òwú ní ilé-iṣẹ́ kan ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáá. Mayo kò bú wọn; ó ní kí a máa fún wọn ní ìsinmi láàárín iṣẹ́, ọ̀pọ̀ sì dúró. Ní 1926 ó di olùkọ́ ní Harvard. Láìpẹ́ ó dara pọ̀ mọ́ ìwádìí ilé-iṣẹ́ Hawthorne, nítòsí Chicago, níbi tí a ti fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 20,000 lẹ́nu wò láàárín 1928 sí 1930. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1933, ó sì kú ní 1949. Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn ti tako díẹ̀ nínú ohun tí ó sọ. Síbẹ̀, pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ kò parẹ́.

Nígbà tí mo ka ìtàn náà tán, mo pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, mo bi í léèrè ohun tí ń dá a dúró.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, ojú mi kò ríran jìnnà. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má fi àdá ṣá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀.”

Ọdún méjì ni mo ti ń kọ́ ọ! Mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sí ìdí omi pípọn, kò sì kẹ́yìn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹgba tí mo ti nà án kò ṣeé kó padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí yóò di ọ̀gá lọ́la nínú yín, kí ó tó pe ọmọ-abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè.