Òṣùwọ̀n Tí Kì í Purọ́ fún Bátìrì Ọkọ̀

Kò sí ẹni tí ń nájà nínú wa tí kò mọ kọ́ńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Kí onígàrí tó wọn gàrí, a ó ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò. Irú ojú bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a máa fi wo ohun èlò méjì tí ó ti ń wọ ilé wa báyìí: tẹ́sítà tí a fi ń dán bátìrì ọkọ̀ wò, àti jọ́ńpù-sítátà, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń jí ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni èyí. Àwa ni a ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀. Àwa náà ni ara ọmọ ń gbóná mọ́ lọ́wọ́ ní òru nígbà tí bàbá rẹ̀ wà ní ìrìn àjò.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni pé òṣùwọ̀n tí ń purọ́ burú ju àìní òṣùwọ̀n lọ. Ní ọdún tí ó kọjá, ríwáyà kan fi tẹ́sítà rẹ̀ kan bátìrì mi, ó ní, "Màdáámù, bátìrì yín ti kú pátápátá. Tuntun ni ẹ ó rà." Mo mú tẹ́sítà tèmi jáde, fóòtì 12.5 ni ó kà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tún fi tirẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mejì: ó ka 11.4, ó tún ka 11.9. Bátìrì kan náà, orí kan náà! Ìdọ̀tí funfun tí ó dì mọ́ orí bátìrì ni ó ń dí iná lọ́nà. A fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ọkọ̀ sì ṣíná. Owó tí ìbá ti ibẹ̀ lọ ju owó oúnjẹ wa fún oṣù kan.

Tẹ́sítà tí ó dára a máa fúnni ní èsì kan náà bí a bá bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bátìrì tí ó kún, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì sinmi mọ́jú, yẹ kí ó ka nǹkan bí 12.6. Bí ó bá ka 12.4, bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná rẹ̀ ti lọ. Bí ó bá di 12, ó kù díẹ̀ kí ó tán. Síbẹ̀, bátìrì tí ó ti gbó lè ka 12.6 ní ìsinmi, kí ó sì wó lulẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé. Nítorí náà, ẹ máa wo tẹ́sítà bí ẹlòmíràn ti ń ṣíná ọkọ̀: bí ó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6, bátìrì náà kò ní agbára mọ́.

Ní ti jọ́ńpù-sítátà, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá ara páálí tàn yín. Áńpù 2000 ni a kọ sí ara èyí tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi rà. Ní òru tí ibà mú ọmọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ọkọ̀ aládùúgbò ni ó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbára ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ń sọ. Ẹ wo wáyà rẹ̀ bí ó bá nípọn, àti ẹnu rẹ̀ bí ó bá há mọ́ orí bátìrì dáadáa. Èyí tí ó dára kì í jẹ́ kí iná kọjá bí a bá fi pupa sí ipò dúdú. Bí mo bá lọ sí Agodi Gate ní Ìbàdàn, mo máa ń ní kí ọlọ́jà fi jí ọkọ̀ kan lójú mi kí n tó sanwó. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kì í bínú.

Ẹ máa gba iná sí i ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí orí bátìrì tí ó jẹ́ ti pupa, kí ẹ sì fi dúdú kan irin ẹ́ńjìnì tí kò ní ọ̀dà, tí ó jìnnà sí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bátìrì lè gbiná. Kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀.

Kí òru tí a ó lò ó tó dé ni kí a ti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ó ń sọ.