Carlisle ní Ọdún 1912

Ilé ni à á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìlú Carlisle, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-ìwé kan wà rí tí kì í wo ilé ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Luther Standing Bear wà lára àwọn ọmọ Lakota tí a kọ́kọ́ kó dé ibẹ̀ ní ọdún 1879. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1928, ó ròyìn bí a ti kọ àwọn orúkọ òyìnbó sí ojú pátákó, tí a fi ọ̀pá lé ọmọ lọ́wọ́, tí a sì ní kí ó tọ́ka sí èyí tí yóò máa jẹ́. Ọmọ tí ó ń yan orúkọ náà kò mọ ìwé kà rárá. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ bá ṣáà ti kàn, òun ni a kọ sí ara aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a sì rán mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Láti inú ilé-ìwé yìí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ti jáde ní ọdún 1912, tí àwọn yunifásítì ńláńlá ilẹ̀ náà kò fi lè gbàgbé rẹ̀ di òní.

Sójà ni Richard Henry Pratt tí ó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀. Bárékè àwọn ọmọ-ogun tí a ti pa tì ni ó sì fi ṣe ọgbà rẹ̀. Àwọn Ìńdíánì Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn onílẹ̀ gan-an tí òyìnbó wá bá, ni ó ń kó ọmọ wọn wá síbẹ̀. Kò fi ète rẹ̀ pamọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní gbangba ní 1892, ó ní kí a pa Ìńdíánì tí ó wà nínú ọmọ náà, kí a sì gba ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ là. Bí ọmọ bá ti dé, a ó gé irun rẹ̀. Láàrin àwọn Lakota, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni ó ń gé irun. Nítorí náà ni ẹkún fi sọ nínú ọgbà nígbà tí a kọ́kọ́ gbé àlùmọ́gàjí dé. A ó wọ aṣọ bí ti sójà fún ọmọ náà, a ó sì ka èdè ìyá rẹ̀ léèwọ̀ fún un. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá ti rí ọmọ tí a gbé pátákó kọ́ lọ́rùn nítorí pé ó fi èdè abínibí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ń padà sílé ní ọ̀sán, èdè náà sì ń dúró dè é lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ọmọ Carlisle a máa lo ọdún mẹ́ta, a máa lo ọdún márùn-ún, kí ó tó fojú kan ilé. Ìgbà ìsinmi gan-an, ilé àwọn òyìnbó ni a ń rán ọ̀pọ̀ wọn lọ láti ṣiṣẹ́.

Pratt kọ́kọ́ fi òfin de bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ kan kán níbi ìdíje. Àwọn ọmọ náà tún tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n sì rò ó fún un títí ọkàn rẹ̀ fi rọ̀. Ó ní òun gbà, bí wọ́n bá lè ṣe ohun méjì: wọn kò gbọdọ̀ kan ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́, bí ó ti wù kí a rí wọn fín tó, wọ́n sì gbọdọ̀ di ẹni tí yóò na ẹgbẹ́ tí ó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ń gbá ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo. Orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó. Ọwọ́ ni a fi ń gbé e sáré, àwọn alátakò a sì máa da ara wọn bo ẹni tí ó bá gbé e. Ète eré náà ni láti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tí ó wà lẹ́yìn wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó le débi pé ó ń pa akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1905, Theodore Roosevelt tí ó jẹ́ Ààrẹ pe àwọn aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ gíga mélòó kan sí White House lórí ọ̀ràn náà, nígbà tí ó sì di 1906, a gbà wọ́n láyè láti máa ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ní 1912, a fún ẹgbẹ́ ní ìgbìyànjú mẹ́rin dípò mẹ́ta láti fi sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Gbígbé e kọjá ìlà sì di àmì mẹ́fà dípò márùn-ún. Àtúnṣe wọ̀nyí bá àwọn ọmọ Carlisle lára mu, nítorí pé wọn kò tóbi tó àwọn tí wọ́n ń bá figagbága, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn yá, ojú wọn sì là.

Glenn Warner, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pop, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn láti 1899 sí 1903, ó sì tún padà wá ní 1907. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ní 1903, nígbà tí wọ́n ń bá Harvard ṣe é, àwọn ọmọ rẹ̀ rọ bọ́ọ̀lù bọ abẹ́ ẹ̀wù Charles Dillon lẹ́yìn, ó sì sáré kọjá láàrin àwọn ará Harvard tí wọ́n ń wá bọ́ọ̀lù kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù lọ́jà. Harvard ni ó jàre ní ìgbẹ̀yìn, 12 sí 11, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ náà kò tán bọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà ni ẹgbẹ́ náà ń wà ṣáá, nítorí pé ìlú ńlá ni owó ìwọlé wà, kò sí ní Carlisle. Èrò a sì máa wọ́ wá. Kí ni wọ́n ń wá wò? Ìńdíánì ni. Àwọn ìwé ìròyìn a máa kọ̀wé nípa ìdíje wọn bí ẹni pé ogun ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àáké àti awọ orí tí a bó. Ohun tí ilé-ìwé náà ń pa nínú kíláàsì ni ó ń tà lórí pápá, owó tí ó sì ń rí níbẹ̀ ni ó fi ń kọ́ ilé.

Ní oṣù Keje 1912, Jim Thorpe, ọmọ ẹ̀yà Sac and Fox láti Oklahoma, tí orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ ń jẹ́ Wa-tho-huk, gba wúrà méjì ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Stockholm: ọ̀kan fún eré ọlọ́nà márùn-ún, èkejì fún ọlọ́nà mẹ́wàá. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹsàn-án, ó ti padà sórí pápá ilé-ìwé. Gus Welch, ọmọ Ojibwe, ni ó ń pàṣẹ eré. Ojibwe ni Joe Guyon pẹ̀lú. Alex Arcasa wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Colville ní ìwọ̀-oòrùn jíjìn, Pete Calac sì wá láti California. Kí òǹkàwé fojú inú wo ọmọ Yorùbá, ọmọ Tiv, ọmọ Nupe àti ọmọ Ẹ́fíìkì, tí a kó sí ilé kan tí a sì sọ fún pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀rọ̀. Èdè tí a fi pàṣán kọ́ wọn ni wọ́n fi pàṣẹ eré tí wọ́n fi na àwọn tí wọ́n ni èdè.

Ìdíje mẹ́rìnlá ni wọ́n ṣe láti 21 oṣù Kẹsàn-án títí di 28 oṣù Kọkànlá. Wọ́n na Albright 50 sí 7, Villanova 65 sí 0, Syracuse 33 sí 0. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ta ọ̀mì, pẹ̀lú Washington and Jefferson, 0 sí 0. Thorpe gbá bọ́ọ̀lù sí àárín òpó léraléra lọ́jọ́ náà, kò wọlé. Ní 26 oṣù Kẹwàá, wọ́n na Georgetown 34 sí 20. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n ti wà ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n sì na àwọn yẹn pẹ̀lú. Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n o! Ẹni tí ó bá wo ètò ìrìn-àjò wọn yóò wá ìgbà tí wọ́n ń kàwé tì.

Ṣùgbọ́n 9 oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ọjọ́. West Point ni Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tí wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ àwọn baba àgbà ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Kò sì tíì pé ọdún méjìlélógún tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà yìnbọn pa àwọn Lakota, tọkùnrin tobìnrin tèwe, ní Wounded Knee ní 29 oṣù Kejìlá 1890. A gbọ́ pé Warner rán àwọn ọmọ rẹ̀ létí èyí kí wọ́n tó jáde sí pápá, bí ẹni pé wọ́n lè gbàgbé.

Warner ti kọ́ wọn ní ìtò tuntun, nínú èyí tí ẹni kan yóò dúró sí apá ọ̀tún, ẹni kan sí apá òsì, kí ọ̀tá má baà mọ ẹni tí bọ́ọ̀lù yóò kàn. Àwọn ológun gba àmì mẹ́fà ní ìdajì àkọ́kọ́. Wọn kò rí òmíràn gbà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Arcasa gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Inú bí Leland Devore, olórí ẹgbẹ́ àwọn ológun, ó lu Guyon, adájọ́ sì lé e kúrò lórí pápá. Thorpe gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ ìlà tirẹ̀, ó sì sá a já gbogbo pápá títí dé òpin, ṣùgbọ́n adájọ́ fagi lé e nítorí pé ẹnì kan nínú àwọn tirẹ̀ ti rú òfin. Eré yìí ti di méjì lẹ́nu àwọn tí ń ròyìn rẹ̀. Ẹyọ kan náà tó fún ẹni tí kò fẹ́ àbùmọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú àwọn ológun tí ń jẹ́ Dwight Eisenhower, ẹni tí yóò di ọ̀gágun àti Ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìnwá ọ̀la. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ da ara wọn bo Thorpe, ìyẹn yẹra, àwọn méjèèjì sì forí gbárí. Àwọn kan máa ń sọ pé Thorpe ni ó sọ Eisenhower di aláàbọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi ìdíje pẹ̀lú Tufts ní ọ̀sẹ̀ kejì ni orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tí eré tán, Carlisle ní 27, àwọn ológun ní 6.

Ayọ̀ náà kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Yunifásítì Pennsylvania na wọ́n 34 sí 26, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a nà wọ́n ní ọdún náà. Springfield fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, 30 sí 24. Thorpe nìkan ni ó gba ọgbọ̀n àmì yẹn. Wọ́n fi Brown parí ọdún, 32 sí 0. Àpapọ̀ àmì tí wọ́n gbà jẹ́ 504.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1913, ìwé ìròyìn kan ní Massachusetts gbé e jáde pé Thorpe ti gba owó láti gbá bésíbọ́ọ̀lù ní North Carolina ní 1909 àti 1910. Owó táṣẹ́rẹ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n a fi orúkọ àdàpè bo ara wọn. Thorpe kò bo ara rẹ̀. Lẹ́tà kan jáde ní orúkọ rẹ̀, tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣàánú ọmọ ilé-ìwé Ìńdíánì tí kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Warner lọ́wọ́ nínú kíkọ rẹ̀. Ó sì ṣòro láti gbà pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọ ibi tí òpómúléró ẹgbẹ́ rẹ̀ wà fún odidi ọdún méjì. Ilé-ìwé tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé láti pa Ìńdíánì inú ọmọ ni ó tún fi Ìńdíánì náà tọrọ àánú. Wọn kò rí àánú gbà. A gba wúrà méjèèjì, a sì pa orúkọ Thorpe rẹ́. Ó kú ní 1953. Ní 1982 ni a tó gbà láti dá orúkọ rẹ̀ padà, a sì fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní wúrà mìíràn ní 1983. Síbẹ̀ a ní kí òun àti àwọn tí ó nà jọ wà ní ipò kìn-ín-ní. Ó di 2022 kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ nìkan síbẹ̀.

Gus Welch kò tọrọ àánú ní tirẹ̀. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé ní igba fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ìjọba, ilé aṣòfin méjèèjì sì rán ìgbìmọ̀ wá sí Carlisle ní oṣù Kejì 1914. Wọ́n gbọ́ nípa oúnjẹ tí kò tó àti nínà tí ó rékọjá ààlà. Wọ́n gbọ́ nípa owó bọ́ọ̀lù, tí Warner ń ná láìgba inú ìwé ìṣirò ìjọba kọjá. Welch fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èébú tí Warner ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù. A yọ ọ̀gá ilé-ìwé nípò, Warner sì bá tirẹ̀ lọ sí Pittsburgh nígbà tí ọdún bọ́ọ̀lù 1914 parí. Ìwé ìtàn eré-ìdárayá kì í sábà mẹ́nu ba ìwé ẹ̀sùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó nílò ìgboyà ju eré West Point lọ, nítorí pé kò sí adájọ́ lórí pápá yẹn. Ní 1918, ẹgbẹ́-ogun gba bárékè rẹ̀ padà, ilé-ìwé sì kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọmọ tí a sin síbẹ̀. Láti 2017 ni ẹgbẹ́-ogun ti ń hú egungun wọn padà fún àwọn ará ilé wọn.

Thorpe, Guyon àti Calac tún pàdé lórí pápá lẹ́yìn ilé-ìwé. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún Canton ní Ohio, Thorpe sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó-oṣù tí a dá sílẹ̀ ní 1920, èyí tí ó di NFL òde òní. Ní 1922 àti 1923, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Oorang Indians, ní ìlú kékeré LaRue ní Ohio. Walter Lingo, tí ó ń sin ajá tà, ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Ó dá a sílẹ̀ láti fi polówó ajá rẹ̀. Bí ìsinmi ìdajì bá tó, àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í sinmi. Wọn a wọ aṣọ oníyẹ̀ẹ́, wọn a jó ijó Ìńdíánì, wọn a sì fi ajá dárà láàrin pápá, kí àwọn òǹwòran lè rí irú ajá tí ó wà fún títà.