Ẹ Má Tíì Sanwó Ẹ̀rọ Yẹn

London,
Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

    

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní ọkùnrin kan ní Ìlọrin fẹ́ ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ fún ẹgbẹ́ yín ní Osi, èyí tó ń lu òǹtẹ̀ owó ìfìwéránṣẹ́ sára àpò lẹ́tà. Ó ní London ni wọ́n ti kó o wá, pé ẹ kò ní ra sítáǹpù mọ́ láéláé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò dà bí ẹ̀rọ fọ́tòkópì tí èèyàn kàn ń gbé sílé. Owó ni ó ń tẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í lò ó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ náà. Ní Nàìjíríà, NIPOST ni. Èyí tí wọ́n bá fi ṣiṣẹ́ ní London, òǹtẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lù, pọ́n-ùn ló sì ń kà. Bí ẹ bá lù ú sára lẹ́tà ní Osi, kò yàtọ̀ sí pé ẹ kò san nǹkan kan.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ẹ̀rọ yìí ti jẹ owó ẹgbẹ́ wa níhìn-ín rí. Ìgbà tí mo jẹ́ akọ̀wé, a háyà ọ̀kan fún ọdún márùn-ún. Lẹ́tà bí ọgọ́ta là ń fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Oṣooṣù ni owó háyà ń lọ, a fi lẹ́tà ránṣẹ́ o, a kò fi ránṣẹ́ o. Nígbà tí akápò ṣírò rẹ̀, lẹ́tà kan ń ná wa ju ìlọ́po mẹ́ta owó sítáǹpù lọ, a kò sì lè jáde títí ọdún márùn-ún fi pé. Owó àwọn opó àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, iye lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ ní àádọ́rùn-ún (90) ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Nínú rẹ̀, méjìdínlógójì (38) ló wà ní Osi, Iloffa, Odo-Owa àti Araromi-Opin. Kí ni ti sítáǹpù níbẹ̀? Ẹ kó wọn fún àwọn tó ń ná ọjà káàkiri, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí ìwé pé òun gba tòun. Ti Ìlọrin, ẹ dì wọ́n pọ̀, kí ẹ fi wéébìlì ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán tí yóò pín in. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Èkó: ẹni tó ń gbé Ìkòròdú kò lè lọ gba lẹ́tà ní Ọ̀jọ́, owó ọkọ̀ yóò ju owó sítáǹpù lọ. Ti Èkó, ti Àbújá àti méjìlá òkè òkun ló kù, kò sì sí ọgbọ́n míì níbẹ̀ ju kí ẹ ra sítáǹpù lórí káńtà, kí ẹ gba rìsíìtì.

Yàtọ̀ sí ẹ̀rọ àti sítáǹpù, ọ̀nà kẹta tún wà, pé kí wọ́n tẹ àmì “a ti sanwó” sára àpò lẹ́tà, kí ẹ san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dára fún ẹni tó ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀dínwó wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn gbọ́dọ̀ tó 200, tàbí kí ìwọ̀n rẹ̀ tó 50 pọ́n-ùn, kí wọ́n sì ti tò ó bí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ ṣe fẹ́. A kò tíì dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí a bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè ní Post Office ní Ìlọrin ohun tí wọ́n ní fún ẹni tó bá kó púpọ̀ wá.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò gan-an ni ìwọ̀n. Ìwé A4 tí wọ́n kọ 80 sára páálí rẹ̀, ewé kan jẹ́ gíráàmù 5. Ewé mẹ́ta jẹ́ 15, àpò lẹ́tà gígùn tó bíi 5, ó di 20. Ibẹ̀ gan-an ni ìpele àkọ́kọ́ lẹ́tà òkè òkun sábà ń parí sí. Bí ẹ bá fi pín-ìnnì kan há a pọ̀, ó ti wọ ìpele kejì. Ẹ tẹ ìròyìn owó ẹgbẹ́ tó wà nínú lẹ́tà sí ojú méjèèjì, ewé mẹ́ta yóò di méjì. Ní ọdún tó kọjá, sítáǹpù lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí arábìnrin wa ní Manchester kò pé, òun ni wọ́n ní kó san ìyókù kó tó gbà á. Kí Rowland Hill tó mú ìjọba ilẹ̀ yìí gbé sítáǹpù jáde ní 1840, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: ẹni tó gba lẹ́tà ló sábà ń sanwó, àwọn tálákà sì máa ń kọ̀ ọ́ padà. Kò yẹ kí ìwé ìpè sí ìpàdé ọdọọdún di gbèsè sí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́rùn.

Ẹ má ra sítáǹpù ọdún méjì sílẹ̀. Ní 2023, sítáǹpù ojoojúmọ́ tí kò ní àmì ìlà-ìlà di aláìwúlò níhìn-ín. Odindi ìdì kan wà nínú àpótí wa, a kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Kí sítáǹpù wà lọ́wọ́ akápò bí owó, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí iye tó jáde. Ẹ má sì lẹ sítáǹpù Nàìjíríà mọ́ àpò ìdáhùn fún wa, kò wúlò ní London. A ó fi WhatsApp dáhùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ “Ìpínlẹ̀ Kwara” gàdàgbà sí àdírẹ́sì yín ní ẹ̀yìn gbogbo àpò lẹ́tà. Osi kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa sì tún ń jẹ́ Èkìtì. Àwọn àgbà a máa pe tiwa ní Osi-Ilorin, orúkọ tí ayé ṣì fi mọ ìlú Areogun agbẹ́gilére. Iloffa náà ń di Ọ̀fà lójú ẹni tó bá ń kánjú. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tí kò bá rí ẹni tó ni ín yóò lè padà wálé.

Bí ẹ bá ti dì lẹ́tà kan tán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ìwọ̀n tirẹ̀ ń ka gíráàmù. Ẹ sọ iye tó jẹ́ fún mi kí ẹ tó lẹ ìyókù. 

Èmi ni,
Àbúrò yín.