Ẹ̀tù Yàtọ̀ sí Ẹ̀tù

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àwa tá à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé àmì ohùn kì í ṣe eré. Ẹni tó bá gbàgbé àmì, ẹ̀tù inú ìbọn á di ẹtu inú igbó. A máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù méjì wà tí àmì ohùn ò lè yà sọ́tọ̀, torí orúkọ kan ṣoṣo là ń pè wọ́n. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tù dúdú tí ọdẹ ń rọ sínú ṣakabùlà: èédú, imí-ọjọ́ àti saltpetre. Tó bá jó, ju ìdajì ẹ̀ lọ ló ń di èérí àti èéfín.

Èkejì ò ní èéfín. Ní 1884, Paul Vieille, ará Faransé, ṣe é láti ara òwú tí wọ́n rẹ sínú ásíìdì. Gbogbo ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di afẹ́fẹ́ gbígbóná, agbára ẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta ti dúdú. Bó bá ṣe há mọ́ tó ni iná ẹ̀ ń yá tó.

Irú kan tó ti wà ṣáájú, ti Schultze, tí wọ́n fi igi ṣe, fúyẹ́. Òṣùwọ̀n ẹ̀tù dúdú náà ni wọ́n fi ń bù ú. Ballistite tí Nobel gbé jáde ní 1887 kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó wúwo. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n àtijọ́ bu ìyẹn, ọ̀pá ìbọn lè là mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní 1890, ní Brussels, àwọn òyìnbó fi òfin dínà ìbọn ìgbàlódé ní apá ńlá Áfíríkà. Ìbọn tó ń fi òkúta ṣáná àti ẹ̀tù dúdú ni wọ́n yọ̀ǹda. Títí dòní, ṣakabùlà ò kúrò lọ́wọ́ ọdẹ wa, òmíràn sì wà tó jẹ́ páìpù omi lalágbẹ̀dẹ fi rọ ọ̀pá ẹ̀. Irin bẹ́ẹ̀ ò lè gba agbára ẹ̀tù kejì.

Nítorí náà, mo dábàá orúkọ: ká máa pe èyí ní ẹ̀tù dúdú, ká pe tọ̀hún ní ẹ̀tù òwú. Ẹ bá mi sọ ọ́ délé fáwọn bàbá wa ọdẹ: ohun tó wà nínú kátíríìjì, ẹ jọ̀ọ́, kó má dénú ṣakabùlà o.