Ìdá Kan Nínú Ọgọ́rùn-ún: Ta Ni Yóò Gbé Ẹrù Òṣìṣẹ́ Tó Fara Pa?

Ní ẹ̀yìnkùlé ilé ńlá kan ní Àpápá GRA, ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà tí kò ju yàrá mẹ́ta lọ. Obìnrin tó ni ín máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló ní: akọ̀wé méjì, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí ń sáré ìwé kiri èbúté, awakọ̀ tírélà kan, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá láràárọ̀.

Ìwé owó kì í wọ́n lórí tábìlì rẹ̀. Owó orí òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ Èkó ni. Owó pátákó ojúlé wà níbẹ̀. Owó ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Àjọ ITF tó ń mójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ náà ní ìpín tirẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá gba òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìwé àjọ NSITF dé, tó ní kí ó wá san owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fáìlì. Lójú tirẹ̀, owó orí mìíràn tó kàn pa orúkọ dà ni.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kékeré kò tíì gbọ́ ohun tí Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ. Òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú. Kò yọ ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Ó ka ọmọ iṣẹ́, ó sì ka ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí. Agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ yọ owó náà lára owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Gbogbo owó oṣù àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí jẹ́ 800,000 náírà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 8,000 náírà lóṣù, 96,000 náírà lọ́dún. Owó náà kò kéré lójú ẹni tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ti ilé-iṣẹ́ pa.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kan. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń tú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de kọ̀nténà nígbà tí ẹrù yẹ̀ lórí tírélà, ó sì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó níyàwó, ó sì ti bí ọmọ kan. Owó ilé ìwòsàn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ju ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ìbá fi ọdún márùn-ún san sínú àpò náà lọ. Ó fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ kún un, ó sì yá lára ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tán, dókítà ní ẹsẹ̀ náà kò ní lè gun tírélà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà wá jókòó ní ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó ní, "Màdáámù, a dúpẹ́ o. Ẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́. Ta ni yóò máa bọ́ ọmọ rẹ̀?" Obìnrin náà kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yìí gan-an ni òfin náà fẹ́ dáhùn. Lábẹ́ òfin ọdún 1987 tó wà ṣáájú rẹ̀, ọrùn agbanisíṣẹ́ ni ẹrù náà wà: bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù méjìlélógójì ni ẹbí rẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Òfin ọdún 2010 sọ ọ́ di àjọ gbogbo agbanisíṣẹ́, irú èyí tí Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1884. Àpò náà ló ń gbé ìtọ́jú ẹni tó fara pa. Bí olóògbé bá fi aya àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, wọn yóò máa gba ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù. Ó sì dáàbò bo agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí owó àpò náà ló dípò ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìbá pè é. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi ìjàm̀bá tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Ọ̀gá ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ létí.

Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn ń sá fún un? Ẹ wo alájọ tó ń gba owó kiri ọjà Ajégúnlẹ̀. Kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n ń san án lójoojúmọ́, nítorí pé olúkúlùkù ti rí aládùúgbò rẹ̀ tó kó àjọ. Àpò ìjọba kò tíì ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nípa rẹ̀ ni ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìnáwó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún náírà, tí wọ́n sì sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí òjò ti pa ìwé náà nínú kọ̀nténà, tàbí kí ikán ti jẹ ẹ́. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní falẹ̀?

Ìṣòro kejì wà níbi òṣùwọ̀n. Ní ìpínlẹ̀ Ohio àti Washington ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú irú àpò yìí, bí iṣẹ́ bá ṣe léwu tó ni owó rẹ̀ ń pọ̀ tó, ilé-iṣẹ́ tí ìjàm̀bá bá sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ léraléra yóò san jù. Òfin ti Nàìjíríà náà fi àyè sílẹ̀ fún pípín iṣẹ́ ní ìsọ̀rí ewu. Síbẹ̀, ìdá kan náà ni télọ̀ tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọlọ́kọ̀ tírélà ń san. Ẹni tó ra bàtà ààbò fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò jèrè ju ẹni tí kò rà á lọ.

Bí àjọ náà bá fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ kékeré máa sanwó láìsí ìhàlẹ̀, kí ó máa kéde iye ẹni tó gbowó ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ lọ́dọọdún, àti iye ọjọ́ tí owó fi dé ọwọ́ wọn. Àmọ́ kí agbanisíṣẹ́ náà má fi ẹ̀ṣẹ̀ ikán ṣe àwáwí. Ẹsẹ̀ tó bá fọ́ kò ní dúró de ọjọ́ tí ìjọba yóò ṣàtúnṣe.

Obìnrin náà ti forúkọ sílẹ̀ báyìí. Ó ń san owó àwọn méje tó kù lóṣooṣù, ó sì ń fi ìwé ìsanwó pamọ́ sínú àpótí irin. Ìdajì owó oṣù ti ẹni kẹjọ, àpò ara rẹ̀ ló ṣì ti ń yọ ọ́.