Ohùn Mi àti Itọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn mi nígbà tí mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ní ọdún 2016 ni àwọn dókítà gé gògóńgò mi kúrò nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Ihò kan wà ní ìsàlẹ̀ ọrùn mi báyìí, ibẹ̀ ni mo fi ń mí.

Oṣù mẹ́fà ni ohùn mi fi há. Mo ń jẹ orógbó, mo ń lá oyin, mo ní orin ló fà á. Kí n tó gba Jésù, mo ti fa sìgá fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n mo rò pé ìyẹn ti kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kó jẹ́ kí dókítà wo ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti rí irú rẹ̀ ṣáájú mi, ní 2013. Tiwọn wà lókè díẹ̀, ní ìdí ahọ́n. Ìtànṣán ni wọ́n gbà, pẹ̀lú oògùn tí a ń fà sí ara, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. Méje yẹn di mẹ́sàn-án, nítorí ẹ̀rọ ọsibítù náà bàjẹ́, a sì gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ léwu, torí jẹjẹrẹ kì í sinmi ní tirẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, àrùn náà lọ, ohùn wọn sì kù.

Nítorí náà, nígbà tí ó kàn mí, ìtànṣán ni mo ní mo fẹ́. Dókítà fi sùúrù jókòó tì mí. Ó ní wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1991, lórí àwọn 332 tó ti ṣe ológun rí. Wọ́n gé gògóńgò àwọn apá kan, wọ́n sì fi ìtànṣán tẹ̀lé e. Apá kejì gba oògùn, lẹ́yìn náà ìtànṣán. Lẹ́yìn ọdún méjì, 68 nínú 100 ló ṣì wà láàyè ní apá méjèèjì, 64 nínú 100 ní apá kejì ni gògóńgò wọn sì wà níbẹ̀. Inú mi dùn. Àfi bó ṣe ní, "Bàbá, tiyín ti jẹ wọ inú kerekere. Bí ìtànṣán bá tilẹ̀ pa á, gògóńgò tó kù lè má wúlò mọ́, kí oúnjẹ máa ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró."

Arákùnrin kan sọ fún mi pé àìnígbàgbọ́ ni iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò sùn. Ìyàwó mi ló wá ní, "Bàbá Tọ́lá, ọkọ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ akọrin." Mo fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀rọ kékeré kan bíi tọ́ọ̀ṣì ni mo ń gbé sí ọrùn láti sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé a máa sá, lẹ́yìn náà wọn a ní kí n tún un ṣe. N kò gbóòórùn mọ́, ẹ̀wà ti jóná níṣojú mi rí. Níbi ìrìbọmi, etí odò ni mo ń dúró sí, torí omi tó bá wọ ihò yìí, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Bí mo bá dákú, ọrùn ni kí ẹ ti fẹ́ atẹ́gùn sí mi, kì í ṣe ẹnu.

Èmi náà gba ìtànṣán lẹ́yìn abẹ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọrùn ló pọ̀ sí, itọ́ mi kò gbẹ. Ti ẹ̀gbọ́n mi gbẹ. Ìgò omi kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, títí kan inú ìsìn. Eyín wọn ń jẹrà, a kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáá, torí eegun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kàn lè kọ̀ láti jinná. Ọrùn wọn le bí igi, wọ́n sì ń lo oògùn kan lójoojúmọ́ kí okun ara wọn má bàa tán. Iyán há wọn lọ́fun rí, láti ìgbà náà wọn kò jẹ ẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n wá kí wa. Mo ń jẹ iyán, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, bí mo bá fún ọ ní ohùn mi, ṣé wàá fún mi ní itọ́ rẹ?" Mo wá ẹ̀rọ mi, mo gbé e sí ọrùn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jẹun tán ná."